Linux ní Ìdálẹ̀: Adùn àti Ìkorò Rẹ̀

 

Láti ọjọ́ 14 oṣù October, 2025 ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú àwọn ilé wa. Ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dá àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows 10 dúró, èyí tí wọ́n mú jáde ní ọdún 2015. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lè rí àfikún ọdún kan gbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, kí oníkálukú máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ sí Windows 11. Ṣùgbọ́n Windows 11 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà; ó ń béèrè ẹ̀yà ara kan tí a ń pè ní TPM 2.0, àti ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò pẹ́ púpọ̀. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí bàbá rà, tí ọmọ mẹ́rin fi kàwé, kò ní nǹkan wọ̀nyí. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, ara rẹ̀ le, síbẹ̀ wọ́n ní ó ti di arúgbó.

Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń dá mi dúró lẹ́yìn ìpàdé pé, “Bùọ̀dá, Linux tí ẹ ń lò yẹn, ǹjẹ́ àwa náà lè lò ó?” Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé yìí, nítorí pé láti ọdún 2010 ni mo ti ń lò ó. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé èmi kì yóò kọ ọ́ bí ẹni tí ń polówó oògùn lójú ọjà. Èmi yóò sọ adùn rẹ̀, èmi yóò sì sọ ìkorò rẹ̀, nítorí pé ìkorò náà ni ojú mi rí jù.

KÍ NI LINUX?

Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tí ó kọ́kọ́ ń jí, tí ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ibùdó rélùwéè ti ń pàṣẹ ọkọ̀ tí yóò kọjá àti èyí tí yóò dúró. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux jẹ́ òmíràn. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Windows ní olówó tí ó ti àpótí rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ṣe Linux wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè dà á kọ fún aládùúgbò rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ prínǹtà wà lára ohun tí ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní prínǹtà tuntun kan tí ilé-iṣẹ́ Xerox ṣe, ìwé a sì máa há sínú rẹ̀. Stallman fẹ́ tún ètò inú rẹ̀ ṣe, kí ó lè máa kìlọ̀ fún àwọn tí ó ń dúró de ìwé wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún prínǹtà wọn àtijọ́. Wọn kò fún un ní ìwé ètò náà. Nígbà tí ó bá ẹnì kan tí ó ní in lọ́wọ́, onítọ̀hún ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kì yóò fi í han ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ní oṣù September, 1983, ó kéde iṣẹ́ kan tí ó pè ní GNU, pé òun yóò ṣe ètò tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ 25 oṣù August, 1991, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 tí ó ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣe ètò kan láti fi dá ara òun lára yá, pé kò ní di nǹkan ńlá. Wọ́n pa ti Torvalds pọ̀ mọ́ ti GNU, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bá wọn dá sí i. Lónìí, fóònù Android tí ó wà nínú àpò yín, Linux ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti oṣù November, 2017, gbogbo 500 kọ̀ǹpútà tí a kà sí alágbára jù lọ ní ayé ni ó ń lò ó. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní òun kò fi ọwọ́ kan Linux rí, kí ó yẹ àpò ara rẹ̀ wò.

Irú Linux tí ó kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, mú jáde ní ọdún 2004. Orúkọ náà ti èdè àwọn Zulu àti Xhosa wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń wí pé ènìyàn ni aṣọ mi. Títí di ọdún 2011 ni wọ́n fi ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè, níbikíbi ní ayé. Báyìí ni tèmi ṣe dé. Àwo náà dé, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò bá a wá.

OHUN TÍ OJÚ Ń RÍ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí prínǹtà. Prínǹtà ni ó dá ìjà sílẹ̀, prínǹtà náà ni kò sì jẹ́ kí ìjà tán. Olùtajà yóò fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó ń bá gbogbo kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ẹ óò délé kí ẹ tó mọ̀ pé Windows nìkan ni ó ń gbọ́ èdè rẹ̀. Ọ̀kan wà nílé wa tí ìyàwó mi ń gbé àtùpà lé. Nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ ra prínǹtà, mo ń gbé kọ̀ǹpútà mi dání lọ sí ìsọ̀, ojú ibẹ̀ ni a ó ti tẹ ìwé kan kí n tó ka owó. Ìrọ̀rùn kan wà: ilé-iṣẹ́ HP ní ètò kan tí ń jẹ́ HPLIP, èyí tí ó mú kí púpọ̀ nínú prínǹtà wọn bá Linux ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni modẹ́ẹ̀mù. Ní àwọn ọdún tí a ń ki modẹ́ẹ̀mù bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, bí mo bá ki tèmi bọ̀ ọ́, Linux a rí i bí àwo CD, nítorí pé ètò Windows ni àwọn tí ó ṣe é kó sínú rẹ̀. Ètò kan wà, usb_modeswitch, tí ó lè sọ fún un pé modẹ́ẹ̀mù ni. Ṣùgbọ́n láti rí ètò náà gbà, mo ní láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Láti wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní láti ní ètò náà. Ó di ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí a tì mọ́ inú ilé. Orí fílàṣì ni mo ti gbé e wá láti ilé ìlo-íntánẹ́ẹ̀tì kan.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé. Àtúnṣe Linux a máa pọ̀, ó sì ń jẹ dátà bí ẹran ti ń jẹ koríko. Bí iná bá lọ ní àárín àtúnṣe, tí bátìrì tòkunbọ̀ kò sì gbé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ náà yóò dúró láàárín ọ̀nà, kò ní lè lọ, kò ní lè bọ̀. Ẹni tí ó bá ń lo Ubuntu tàbí Debian, kí ó kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri: sudo dpkg --configure -a. Òun ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti yọ mí ju bí mo ti lè kà lọ.

Ti ìwé ni ó ń fa ìtìjú jù. Ẹ óò kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé sí ojú ewé 4, ẹ óò fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń lo Microsoft Word, yóò sì di 6 lọ́wọ́ rẹ̀, tábìlì owó yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú irin tí ó so Port Harcourt mọ́ Enugu ní ọdún 1916 nítorí èédú, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,067. Ojú irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní oṣù June, 2021, jẹ́ mìlímítà 1,435. Ọkọ̀ ibí kò burú, ọkọ̀ ọ̀hún kò burú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀kan kò lè gun ojú irin èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí LibreOffice kọ àti èyí tí Word kọ ṣe rí. Lẹ́tà pàápàá ń dá kún un: Calibri tí Word máa ń lò tẹ́lẹ̀ kì í sí nínú Linux. Mo ń lo Carlito dípò rẹ̀, nítorí pé fífẹ̀ lẹ́tà wọn dọ́gba, ìwé kì í sì í fò láti ojú ewé kan sí èkejì mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni alátùn-únṣe. Ará ilé wa kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ kan nítorí pé ìdè ìbòrí rẹ̀ já. Kò sí ohun mìíràn tí ó ṣe é. Ọmọ ìsọ̀ náà tàn án, kò rí Windows, ó rò pé àìsàn ni, ó bá nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ó fi Windows ayédèrú sí i, ó sì gba owó iṣẹ́ lé e. Àwòrán ìsìnkú ìyá arákùnrin yìí wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ọmọ ìsọ̀ náà kò ṣe é pẹ̀lú ìkà. Oore ni ó rò pé òun ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lo Linux, kí ó lẹ ìwé mọ́ ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni: “Linux ni ó wà níbí. Má ṣe nù ún.” Kí ó sì ní ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó bá ṣe iyebíye sí i.

Ìkẹyìn ni ti àwa ará Linux fúnra wa. Irú Linux pọ̀: Ubuntu, Debian, Fedora, Mint, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bi mẹ́wàá nínú wa léèrè ọ̀nà ọjà, ọ̀nà mọ́kànlá ni a ó júwe. Àwọn kan a máa dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn bí ẹni pé ó wá jí adìyẹ wọn. Èyí ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ju prínǹtà lọ.

ORÚKỌ WA

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó wá dá mi dúró? Èsì mi kò ju ọ̀kan lọ: orúkọ wa ni.

Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ní ìwé tí a ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti owó oṣù wọn sí, ìwé kan náà tí a fi ń ṣe ìrànwọ́ ìsìnkú. Láìpẹ́ yìí, opó kan wá gba owó ìrànwọ́ ọkọ rẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ olóògbé náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Wọ́n tún un tẹ̀, ó ní kò sí. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé bóyá ọkùnrin náà kò sanwó rí. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí opó tí omijé kò tí ì gbẹ lójú rẹ̀! Nígbà tí a ṣí ìwé àtijọ́ tí a fi bírò kọ, orúkọ náà wà níbẹ̀ gbangba, ó sì ti sanwó dé oṣù tí ó kú. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà ni kò dá a mọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àdéhùn gbogbo ayé tí a ń pè ní Unicode. À ní nọ́ńbà kan. Ẹ ní nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè tí ó tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń so méjì pọ̀. Ẹnì kan lè kọ ẹ kí ó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè kọ é kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí a kò kìlọ̀ fún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bí ìbejì tí àlejò kò lè yà sọ́tọ̀ ṣùgbọ́n tí ìyá wọn mọ ẹni tí ó jẹ́ Táíwò. Akọ̀wé àná tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kan, ti òní tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kejì, opó sì wà láàárín wọn.

Ètò kékeré kan wà lórí Linux mi tí ń jẹ́ uconv. Ó ka gbogbo orúkọ inú ìwé náà, ó sì tò wọ́n sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ó gbà. A tún orúkọ olóògbé náà tẹ̀, ó jáde. Opó gba owó rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a sọ òtítọ́: Windows kọ́ ni ó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe Linux nìkan ni ó lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ náà wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tí mo ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíbọ́ọ̀dù. Nínú Linux, bí ẹ bá wo abẹ́ orúkọ Nigeria nínú àkọsílẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, ẹ óò rí ti Yorùbá, ti Haúsá àti ti Ìgbò. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn lè yan bọ́tìnì kan fún iṣẹ́ tí a ń pè ní Compose: yóò tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ ! lẹ́yìn náà s, ṣ yóò sì jáde. Bí ó bá jẹ́ ! àti o ni, yóò rí ọ. Fáìlì kan tún wà, .XCompose, tí ènìyàn lè kọ òfin tirẹ̀ sí. Mo ti kọ ọ̀kan tí ó ń so àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, òun sì ni a fi ń tẹ orúkọ ẹgbẹ́ báyìí.

Àwọn kan ní kí ni a ń fi àmì ṣe. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí a bá yọ àmì kúrò, ta ni yóò mọ èyí tí a fẹ́ lò níyàwó, èyí tí a fẹ́ fi roko, èyí tí a fẹ́ wọ̀, àti èyí tí a fẹ́ fi jagun? Àgbàlagbà tí a bí nílé yóò fi òye mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a bí ní Diobu tàbí Rumuokoro, tí kò gbé ilé rí, kò ní òye yẹn. Bí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni yóò máa pè é.

Ọ̀RỌ̀ ỌDÚN 2007

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn láti fi Linux wọn sínú 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń pè ní Classmate, fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ pé wọn yóò san owó wọn, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ Linux kúrò kí wọ́n fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù October ọdún náà, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà, láti bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe tí ọkàn àwọn oníbàárà òun fi yí padà. Ní oṣù November, àjọ ìjọba USPF, tí ó ń gbé owó kalẹ̀, sọ pé Mandriva náà ni àwọn fẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àwọn ńlá ń du ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ yín. Ó yẹ kí ẹ̀yin òbí náà mọ ohun tí ó jẹ́.

TA NI KÍ Ó LÒ Ó?

Èmi kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn fi Windows sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní ètò tí Windows nìkan ń gbé, kí ó dúró síbi tí ó wà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń múra ìdánwò JAMB, kí ó wò ó dáradára, nítorí pé púpọ̀ nínú ètò ìdánrawò tí wọ́n ń tà lọ́jà, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gba Windows 11, tí kò ju ìwé kíkọ, íntánẹ́ẹ̀tì, fíìmù àti ẹ̀kọ́ ọmọ lọ ni ó ń lò ó fún, kí ó má tíì gbé e jù sí ààtàn.

Èkínní, kí ó da gbogbo àwòrán àti ìwé rẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Èkejì, kí ó gbé Linux sórí fílàṣì, kí ó sì tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀. Ó lè lò ó bẹ́ẹ̀ láì fọwọ́ kan Windows tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ó wò ó bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde, bóyá prínǹtà ń dáhùn. Ẹ̀kẹta, bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà náà ni kí ó tó fi í sínú ẹ̀rọ. Mo wà ní gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìpàdé gbogbo oṣù, èmi kò sì gba owó.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú ìgbìmọ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Irú ẹ̀rọ yòówù tí a bá ń lò, ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú ìwé orúkọ sí ọ̀nà ODF tí LibreOffice ń lò. Láti ọdún 2006 ni àjọ ISO ti tẹ́wọ́ gbà á, òfin rẹ̀ sì wà ní gbangba, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa fi lè ṣí i ní ọdún àádọ́ta sí i, bí ilé-iṣẹ́ kan bá wà tàbí bí kò bá sí. Kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nítorí pé ìwé tí a fi bírò kọ ni ó gba opó yẹn là lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹni tí ó bá ní ìròyìn ìkómọ, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú fún ìwé wa tí ń bọ̀, kí ó jọ̀wọ́ kọ orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀, kí ó fún akọ̀wé. Bí àmì náà kò bá dá a lójú, kí ó wá pe orúkọ náà sí wa létí, a ó kọ ọ́ bí ó ti pè é.